Ọ̀túnba Oníbàálù Tòkunbọ̀

Ẹ mọ Ọ̀túnba. Bí ẹ ò bá tíì bá a pàdé ní Ìkòyí, ẹ ti jókòó tì í níbi òkú àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó gbé fóònù lé orí tábìlì, láàárín mọ́ínmọ́ín àti omi tútù, tó ní kí ẹ wo ọmọ òun. Bàálù ni. Funfun, ẹnu ṣóńṣó, ó dúró síwájú háńgà kan n'Íkẹjà. Ọ̀túnba kì í sọ pé òun ra bàálù o. "Mo kàn wọ́ nǹkan kékeré kan wálé ni."

Tòkunbọ̀ ni nǹkan kékeré náà, Ọ̀túnba ò sì fi bò. Ta ló ń ra tuntun l'Ékòó? Learjet 35 ni. Nǹkan bí ọdún 1994 ni wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe irú rẹ̀, kò sì sí Learjet tuntun kankan mọ́ láti 2022. Èyí tó bá ti gbó dáadáa kì í sábà tó mílíọ̀nù dọ́là kan. "Kò ju G-Wagon mẹ́rin lọ!" ni Ọ̀túnba máa ń wí, á sì na ìka mẹ́rin sókè kí àwọn tó wà ní tábìlì kejì lè kà á.

Ẹ má rò pé ó kù gìrì rà á. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé Learjet àti Citation II wọ̀n bí ẹni tó ń yan ìyàwó. Epo tí Citation ń jẹ kò tó ti èkejì, pápá kékeré sì tó o balẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ lójú Ọ̀túnba ni yẹ̀yẹ́ kan táwọn awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà máa ń fi Citation ayé àtijọ́ ṣe, pé ẹyẹ lè sáré bá a láti ẹ̀yìn kó kọlù ú. Ó parí. Mo fi pẹ́ńsùlù ṣírò rẹ̀: Èkó sí Abùjá ò ju nǹkan bíi kìlómítà 500 lọ, ohun tí Learjet fi máa ṣáájú Citation débẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Lẹ́kkí dé Ìkẹjà nìkan lè gba wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kankan ò ní ya Ọ̀túnba sílẹ̀.

Ìgbà tó bá ń wọ ọkọ̀ ọ̀hún ló yẹ kí ẹ rí i. Inú rẹ̀ ò ga ju mítà 1.32 lọ. Ọkùnrin tí kì í tẹ orí ba fún gómìnà á wá tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́, á kó etí agbádá mọ́ abíyá, á rákò wọlé. Ilé ìyàgbẹ́ wà níbẹ̀ o: ìjókòó kan ni lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kọ́tìnì sì ni ògiri rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Epo rẹ̀ ò lè gbé e débẹ̀ láìbalẹ̀ sọ́nà, nítorí náà bàálù èrò ni Ọ̀túnba ń bá lọ, bíi tèmi, àfi pé iwájú ló ń jókòó.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bá a ṣe ìṣirò owó. Ọmọ yìí fi ìwé kan hàn mí, ó pín in sọ́nà méjì: ohun tí bàálù ń jẹ bó bá fò, àti ohun tó ń jẹ bó bá sùn. Ti fífò, epo ló pọ̀ jù níbẹ̀, bíi gálọ́ọ̀nù 200 ní wákàtí kan. Ti oorun ló gùn. Owó háńgà. Ìbánigbófò, ní dọ́là. Owó oṣù awakọ̀ méjì, pẹ̀lú owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń lọ gbà lókè òkun lọ́dọọdún. Àwòrán ojú ọ̀nà inú kọ̀ǹpútà bàálù, tí wọ́n ń sọ di tuntun ní ọjọ́ 28, ọjọ́ 28, ì báà fò, ì báà má fò. Èsúsú tí kì í kan ẹni láti kó. Lọ́dún tó kọjá, wákàtí 41 péré ló fò.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá pín owó oorun yìí sí wákàtí 41, ẹ lè fi ti wákàtí kan ra ìdajì àwọn ìjókòó inú bàálù èrò lọ sí Abùjá."

Ọ̀túnba béèrè pé àwọn wo ló máa wá jókòó sí ìdajì tó kù.

Sìmẹ́ńtì ló ń tà, náírà ni wọ́n fi ń rà á. Ṣáájú Okúdù 2023, dọ́là kan ò tó náírà 500 lọ́jà ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ọ̀túnba bú ìjọba. Kò bú bàálù.

Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ló wá burú jù. Wọn ò mọ̀ pé tòkunbọ̀ làwọn. Bí wákàtí wọn bá pé, dandan ni kí wọ́n tú wọn palẹ̀, owó rẹ̀ sì lè ju iye tí Ọ̀túnba ra gbogbo bàálù lọ. Ẹni tó ń ta ohun èlò rẹ̀ ò ní bi ọ́ léèrè pé èló lo ra tìẹ. Kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀.

Ọgbọ́n tí Ọ̀túnba wá dá ni kábúkábú. Òfin ò gbà á kí bàálù ara ẹni gbérò gbowó. Ní 2024, NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, dá ìwé àṣẹ àwọn kan dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Èmi? Kí n gbowó? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń fún awakọ̀ ní owó ọtí."

Níbi òkú yẹn, olóyè kan tó ti ka ìka mẹ́rin láti tábìlì kejì fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa. "Ọ̀túnba, lẹ́yìn pé ẹ rà á, kí lẹ tún ń ná lé e lórí?"

"Epo," ni Ọ̀túnba dáhùn. "Epo náà ni."

Ọmọ tó ń ṣírò owó, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, kò sì lè dá a dúró.

"Ẹ fún ọmọ yẹn lómi," ni Ọ̀túnba wí, ó sì tún tẹ fóònù kí àwòrán bàálù lè tàn padà.