Ọkọ̀ Tí Kò Mọ Ọ̀nà Ọjà

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa kí n má baà pariwo. Mi ò fẹ́ kí Bàbá Landlord gbọ́ nínú yàrá wọn, torí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ọkọ̀ nínú ọgbà yìí, dandan ni kí wọ́n sọ ti Volkswagen tí wọ́n rà láyé Gowon. Ilẹ̀ á ṣú, Volkswagen ò ní tíì dé Ìwó Road.

Bàbá òyìnbó kan ni. Òun ló ń gbé iwájú ilé ọmọ mi ní Durham, ní North Carolina, níbi tí mo lọ bá wọn gbọ́mọ. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí èmi kì í ṣe olófòófó. Bàbá Gáréèjì ni ká máa pè é. Kílẹ̀ tó mọ́ tán, gáréèjì ẹ̀ ti ṣí, òun fúnra ẹ̀ ti wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ méjì nìkan là ń rí níta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹsẹ̀ yẹn, mo figbe ta pé ọkọ̀ ti tẹ èèyàn pa. Ọmọ mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Màámi, ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀ jàre, ohun tí wọ́n fi ń gbafẹ́ nìyẹn."

Ǹ bá fi í sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ mọ̀ mí. Araromi ní Agodi Gate ni mo ti jẹun dàgbà. Mo ta plọ́ọ̀gì, mo ta fáànbẹ́lítì, mo ta kábúrẹ́tọ̀ títí irun mi fi funfun. Kí wọ́n wá ṣí gáréèjì sílẹ̀ níwájú irú èmi, kí n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́? Mo pọn ọmọ, mo sọdá títì, mo ní mo wá kí wọn káàárọ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Chevrolet Monte Carlo ni mo bá níbẹ̀, ọkọ̀ eré ìje láti apá ìparí àwọn ọdún 1970. Mo ní kí n wo inú ẹ̀. Mo wá ọwọ́ ilẹ̀kùn, mi ò rí. Mo fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, kò mira. Ìyàwó Bàbá Gáréèjì tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí! Wọ́n ti fi iná wẹ́dà jó o pa. Ojú fèrèsé ni awakọ̀ ń gbà wọlé: á ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á rọra yọ́ ìdí wọlé, á wá fa orí wọlé gbẹ̀yìn. Ìyá Sikírá, ẹ má bínú sí mi, ẹ ò lè wọ ọkọ̀ yẹn láéláé.

Kò ní iná iwájú. Kò ní fèrè. Ọkọ̀ tí kò ní fèrè! Ta ni yóò wa irú ẹ̀ kọjá ní Mọ́kọ́lá? Kò ní kọ́kọ́rọ́, súìṣì ni wọ́n ń tẹ̀ tí yóò fi tan. Aago tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí kò sí níbẹ̀, àfi èyí tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí, àti ti ọ́ìlì, àti ti omi. Inú ẹ̀ kún fún páìpù irin yíká orí awakọ̀, pé tí ó bá gbókìtì, kí òrùlé má baà tẹ̀ mọ́ ọn lórí. Dípò gíláàsì, àwọ̀n ni wọ́n ta sójú fèrèsé. Mo ní, ṣé ẹ̀fọn ni? Ó ní rárá o. Ní Darlington lọ́dún 1970, ọkọ̀ Richard Petty gbókìtì, gbogbo ayé ń wo bí apá àti orí ẹ̀ ṣe ń jáde lójú fèrèsé. Látìgbà náà ni àwọ̀n ti débẹ̀. Petty yìí kú díẹ̀ kó jẹ́ òrìṣà ládùúgbò yẹn o, ìgbà 200 ló gba ipò kìíní. Tọ́ńkì epo náà ní ìtàn tirẹ̀: àpò rọ́bà nínú àpótí irin ni, wọ́n gbé e dé lẹ́yìn tí iná jó Fireball Roberts nínú eré ìje ní Charlotte lọ́dún 1964, tí ó sì ti ibẹ̀ kú. Kò sí ohun kan nínú ọkọ̀ yẹn tí kì í ṣe pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ rí ìjàǹbá kí wọ́n tó fi í síbẹ̀. Mo fa ọmọ ẹ̀yìn mi mọ́ra, mo fẹ́ máa lọ ilé, àmọ́ ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀.

Ó ní inú abà ògbólógbòó kan ní oko àwọn àgbẹ̀ ni ọkọ ẹ̀ ti rí àjákù yẹn. Kò ní ẹ́ńjìnì, kò ní jíà, ó ti dípẹtà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń ka ọkọ̀ eré ìje sí lẹ́yìn tó bá ti gbó. Àwọn ọ̀gá á tà á fún àwọn kékeré, àwọn kékeré á kùn ún lọ́dà mìíràn, wọ́n á máa fi sáré lálaalẹ́ Sátidé ní àwọn pápá ìgbèríko títí wọ́n á fi fọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ra irú ẹ̀ lónìí kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ wà á. Bàbá Gáréèjì wá mú sáńpépà, ó ń ha ọ̀dà díẹ̀díẹ̀. Ó ha funfun, ó kan pupa. Ó ha pupa, ó kan búlúù, àti ààbọ̀ nọ́ńbà kan lórí ilẹ̀kùn. Ìyàwó ní ọjọ́ tó kan nọ́ńbà yẹn, ọkọ òun sunkún. Mo ní, ṣé ó sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín? Ó ní, rárá. Àwa méjèèjì dákẹ́ díẹ̀.

Ó tún ní ìgbà kan wà tí orí ẹ́ńjìnì wà lórí tábìlì ìjẹun àwọn, àlejò ń bọ̀. Ìgbà kan, ó kun irin lọ́dà, ó sì lọ yan án nínú ọ́fìnnì tí wọ́n fi ń yan adìẹ, pé kí ọ̀dà lè gbẹ dáadáa. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò fẹ́ nǹkan tuntun. Kábúrẹ́tọ̀ tuntun wà ní ọjà, ó kọ̀ ọ́, ó ní Holley ti ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yẹn gan-an ni òun ń wá, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀. Èmi tí mo ti lo ayé mi láti sọ tókúnbọ̀ di tuntun lójú kọ́sítọ́mà, mo wá rí ẹni tó ń fi owó gidi wá ògbólógbòó. Mo ti rin ìrìn mi lódì láti ìbẹ̀rẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí níbí lọ̀rọ̀ ti dùn. Ṣé ẹ mọ ẹni tó bí eré ìje yìí? Fàyàwọ́ ni! Fàyàwọ́ ọtí. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fòfin de ògógóró níhìn-ín, tí àwọn bàbá wa sì ń pọn ọ́n nínú igbó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará orí òkè North Carolina ń pọn tiwọn lóru, wọn ò san owó orí ọtí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá di ẹrù fàyàwọ́, ìdí ẹ̀ á wálẹ̀, aṣọ́bodè á sì mọ̀. Àwọn yẹn fi kún sípíríǹgì ẹ̀yìn Ford wọn, tí ọtí bá kún inú ẹ̀ dẹ́nu, ìdí ọkọ̀ ò ní rẹlẹ̀. Wọ́n tún ẹ́ńjìnì ṣe kí ọlọ́pàá má lè bá wọn. Tó bá wá di ọ̀sán Sunday, tí kò sí ọtí láti gbé, wọ́n á kóra jọ sí pápá, wọ́n á wò ó pé ta ló mọ̀ ọ́n sá jù.

Ní 1948 ni Bill France gbé NASCAR, àjọ eré ìje ọkọ̀ wọn, kalẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1949, wọ́n ṣe eré ìje àkọ́kọ́ ti àwọn ọkọ̀ tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ní Charlotte, lórí iyẹ̀pẹ̀. Òfin ni pé kí oníkálukú gbé ọkọ̀ wá bó ṣe rà á, kó má fọwọ́ kàn án. Glenn Dunaway ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú Ford 1947. Wọ́n yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. Kí ni wọ́n rí? Sípíríǹgì fàyàwọ́! Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e fún Jim Roper tó wa Lincoln wá láti Kansas. Olówó ọkọ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù, kóòtù lé e padà. Ẹ rí i pé láti ọjọ́ kìíní gan-an ni màgòmágó ti wọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì kan tiẹ̀ wà tó ń jẹ́ Smokey Yunick: wọ́n ní òfin sọ bí tọ́ńkì epo ṣe gbọ́dọ̀ tóbi sí, kò sì sọ nǹkan kan nípa páìpù. Ó bá gbé páìpù epo tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 11, tó fẹ̀ ní íńṣì méjì, sínú ọkọ̀. Epo rẹpẹtẹ ló tún wà nínú páìpù nìkan. Ìjẹ̀bú ni ǹ bá pe ọkùnrin yẹn tí mi ò bá rí àwọ̀ ẹ̀.

Fàyàwọ́ náà ni Junior Johnson, ọmọ Wilkes ní North Carolina, ó ti ń gbé ọtí bàbá ẹ̀ kiri láti kékeré. Ọlọ́pàá ò rí i mú lójú ọ̀nà rí. Ìdí ìkòkò ọtí ni wọ́n ti ká a mọ́ ní 1956, ó sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù 11 ní Ohio. Ó jáde, ó padà sórí pápá, ìgbà 50 ló gba ipò kìíní. Ní 1986, Ààrẹ Reagan fúnra ẹ̀ dárí jì í. Fàyàwọ́ tó gba ìdáríjì lọ́wọ́ Ààrẹ, ẹ sọ fún àwọn tó wà ní Sẹ̀mẹ̀ kí wọ́n má sọ̀rètí nù.

Fọ́tò ọkùnrin dúdú kan wà lára ògiri gáréèjì yẹn. Mo béèrè pé ta nìyí. Bàbá Gáréèjì fẹ̀yìn rọra jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó nu ọwọ́, ó ní Wendell Scott ni. Danville ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1921, ní Virginia, ìrìn ọkọ̀ bíi wákàtí kan sí Durham. Mẹkáníìkì ni, ó tún ọkọ̀ ṣe nínú iṣẹ́ sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó padà wálé wa takisí, ó sì ń gbé ọtí lóru. Ní 1952, àwọn tó ń ṣètò eré ìje ní Danville ń wá aláwọ̀ dúdú kan tí yóò mú kí èrò pọ̀. Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n ti lọ béèrè: ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá! Ọlọ́pàá ní Scott ni o, àwọn ti lé e, àwọn mọ bó ṣe ń sá.

Àlòkù àwọn ẹlòmíràn ló fi ń tún ọkọ̀ ẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń bá a pààrọ̀ táyà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1963, ní Jacksonville, ó fi ìyípo méjì ṣáájú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ju àsíá fún un. Buck Baker, òyìnbó, ni wọ́n gbé ife fún. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tí èrò ti túká, wọ́n ní àwọn ṣì í kà, Scott ló borí. Owó dé ọwọ́ ẹ̀, ife ò dé. Ó kú ní 1990. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife fún àwọn ọmọ ẹ̀. Ọmọ tí mo pọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í ké lákòókò yẹn, mo sì jẹ́ kó ké, torí ó yẹ kí ẹnì kan ké.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí pápá, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹ má bi mí ìdí. Orí tírélà ni ọkọ̀ ń gùn lọ, torí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ títì. Wọ́n tan án, ilẹ̀ mì títí dé inú ikùn mi. Ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́jọ tí kò ní ohun tó ń pa ariwo! Apá òsì nìkan ló ń yà sí. Bàbá Ìfẹ́, ọkọ ọmọ mi, ṣàlàyé pé táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ díẹ̀, wọ́n sì ti ti ìwúwo ọkọ̀ sí òsì, débi pé tí awakọ̀ bá fi sítíárìn sílẹ̀, òsì náà ni yóò máa wá fúnra ẹ̀. Ó ń lọ yípo, yípo, ibi tó ti gbéra ló ń padà sí. Gálọ́ọ̀nù epo kan kò gbé e ju máìlì márùn-ún lọ. Mo bi ìyàwó léèrè pé ibo ló ń lọ gan-an? Ó ní ìbéèrè tí òun ti ń bi í látijọ́ nìyẹn. Nígbà tí bàbá yẹn yọ orí jáde lójú fèrèsé, òógùn ń ṣàn, ojú ẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ìyàwó náà ló kọ́kọ́ sáré gbé omi lọ fún un. Mo rí i. Kó má ṣe bíi pé inú ń bí òun mọ́.

Àga kejì wà nínú ọkọ̀ yẹn fún àlejò, ibẹ̀ ni wàhálà ilé wa ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Ó jáde, kò lè sọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kò sùn, fóònù ló ń tẹ̀. Kò pẹ́ tí kábúrẹ́tọ̀ dé orí tábìlì ìdáná, ọmọ mi wá ń bi mí pé, "Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ kó nǹkan yìí wá láti Araromi?"

Bàbá Ìfẹ́ tún wá mú ọ̀rọ̀ Peugeot 504 jáde. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa ńbí, ti bàbá àwọn ọmọ mi, tí wọ́n tò ní Kaduna. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé irú ẹ̀ ló gba ipò kìíní nínú eré Safari ní Kenya lọ́dún 1975? Mo ní èmi mọ̀ pé ó gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́, kábúrẹ́tọ̀ sì fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má tà á, òun ń bọ̀ wálé lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú sáńpépà, òun fẹ́ mọ àwọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn. Ó tún fi owó kún un, pé kí n fi ra tapólì bò ó.

Nítorí náà, bàbá onírin tó wá díye lé e lọ́jọ́sí, tó ní òun máa wọ̀n ọ́n ní kílò, tí ẹ bá rí i lójú títì, ẹ sọ fún un pé kó má wulẹ̀ gbé òṣùwọ̀n wá mọ́, iye ẹ̀ ti yí padà. Ìyá Sikírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá ibòmíràn fún adìẹ yín tó ń yé sórí àga awakọ̀.