Mọ́tò Ìjàpá Ń Ta Sílẹ̀ fún Àwọn Àgbà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ọdún tí Ìjàpá ra tòkunbọ̀, ibi yòówù kó gbé e sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á tutù. Wọ́n ní, "Baba, mọ́tò yín ń jò." Ó ní irọ́ ni, mọ́tò òun mọ àṣà ni, ó ń ta sílẹ̀ fún àwọn àgbà kó tó gbéra. Ó bu iyanrìn bo ojú ibẹ̀.

Yánníbo ti kọ́ṣẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀bọ mẹkáníìkì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, páálí ti rojọ́ tán. Níwájú, àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀, òórùn rẹ̀ dùn: omi rédíétọ̀. Láàárín, dúdú bí ọṣẹ: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Lẹ́bàá táyà, ó pọ́n rúsúrúsú bí òróró ẹ̀pà: ti bíréèkì nìyẹn, àyà Yánníbo sì já. Lábẹ́ ibi tí èrò iwájú ń gbẹ́sẹ̀ lé, omi lásán tó kán láti ara éèsì. Ìyẹn ò ṣe mọ́tò ní nǹkan kan. Bí ìkòkò omi tútù ṣe ń làágùn náà ni.

Èwo ni Ìjàpá mú níbẹ̀? Omi! Ó ní òun ló pọ̀ jù. Ó pa éèsì, ó dúró títí, omi ò kán mọ́, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. "Mo ti tún un ṣe!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò: "Mọ́kọ́lá, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!"

Àgbò wọlé, Òkété wọlé, Ìgbín wọlé, ooru bò wọ́n. Yánníbo di ilẹ̀kùn mú, ó forin sẹ́nu:

Lílé: Ọkọ mi, wolẹ̀ wò
Ègbè: Tó, tó, ó ń jò
Lílé: Omi éèsì kì í pani
Ègbè: Tó, tó, ó ń jò
Lílé: Bíréèkì ló ń bà mí lẹ́rù
Ègbè: Tó, tó, ó ń jò

Ìjàpá ní orin náà dùn, ó ṣáná sí mọ́tò.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ló ti tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ bá a lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Òkìtì ìdọ̀tí ló dá wọn dúró. Ìwo Àgbò há sí òrùlé. Ìgbín ní ká lóun fẹsẹ̀ rìn ni, òun ìbá ti dé Mọ́kọ́lá. (Ẹ má bi mí bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀yìn Ìjàpá ti fọ́, àlọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ìjàpá rá pálá wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu abẹ́ éèsì, ó na ọwọ́ gbígbẹ síta. "Ẹ wò ó! Ṣé ó jò?"

Nǹkan dúdú kán sí i lórí.

Ègbè: Tó, tó, ó ń jò.