Ọlọ́dẹ Kékeré Tí Kò Gbowó Oṣù

Ẹ̀yin ọmọ ọdún 6 sí 12, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn lónìí. Ẹ má wulẹ̀ sá sẹ́yìn màmá yín o. Tí mo bá bá yín wí tán, ó kan àwọn náà. Bàbá yín tó sì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, kí wọ́n fara balẹ̀, tiwọn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ta ló tiẹ̀ gbà yín síṣẹ́ ọlọ́dẹ? Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, adìyẹ ti wọ̀, ajá àdúgbò pàápàá ti sùn, ẹ̀yin ṣì lajú sílẹ̀ kedere. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ sùn, òùngbẹ á dé. Tẹ́ ẹ bá mumi tán, ìtọ̀ á dé. Tẹ́ ẹ bá tọ̀ tán, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run yín. Tí inú bá fi yín sílẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa rántí pé tíṣà ní kẹ́ ẹ mú páálí àti gọ́ọ̀mù wá lọ́la. Láti ọ̀sán tẹ́ ẹ ti dé, páálí ò sọ sí yín lọ́kàn, àfi ìgbà tí gbogbo onísọ́ọ̀bù ti tilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ wà ní jẹ́léósinmi, wọ́n ń tẹ́ ẹní fún yín lọ́sàn-án. Wọ́n ní kẹ́ ẹ sùn, ẹ dijú kan, ẹ fi ìkejì ń wo ara yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ wá pé ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, tí oorun ọ̀sán ti kúrò lára ọ̀pọ̀ ọmọ, tí wọ́n ká ẹní, tí wọ́n kọ ìṣirò sójú pátákó, ìgbà náà lẹ wá mọ̀ pé orí tábìlì ṣe é sùn lé. Oorun tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ lẹ kọ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹgba ṣọ́ lẹ wá ń jí sùn.

Ó yá, ẹ̀yin ìyá. Yorùbá ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Òótọ́ ni, nígbà tó wà ní ìkókó. Ní báyìí, ẹ ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ jáde iléèwé, ẹ fà á lé onílẹ́sìn lọ́wọ́. Ó dé láti lẹ́sìn, iṣẹ́ àmúrelé ń dúró dè é. Ó ṣe tán, ẹ tan fíìmù Íńdíà, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ fi mọ orúkọ ìyàwó, tó mọ orúkọ ìyá ọkọ, tó sì mọ ẹni tó fi májèlé sínú tíì. Ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí kò tíì sùn. Ṣé kó sùn láì mọ̀ bóyá ìyàwó máa mu tíì náà ni?

Lọ́dún 2016, àwọn dókítà oorun l'Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ American Academy of Sleep Medicine, ní wákàtí 9 sí 12 lóòjọ́ ló yẹ ọmọ ọdún 6 sí 12. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. L'Ékòó, bọ́ọ̀sì iléèwé á ti fọn fèrè kó tó di aago mẹ́fà, aago márùn-ún lẹ ń jí ọmọ. Kí wákàtí 9 tó pé, ó yẹ kó ti sùn láago mẹ́jọ. Aago mẹ́jọ! Nígbà yẹn, bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lórí afárá Third Mainland. Bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, aago tí ọmọ ń sùn ń pẹ́ sí i, aago jíjí ò sì yẹ̀. Orí oorun là ń gé, ìdí rẹ̀ ò sún.

Ọmọ tí oorun rẹ̀ ò tó kì í sì í fìgbà gbogbo tòògbé bí àgbà. Ṣe ni òmíràn ń fò lórí àga, tó ń bá ògiri jà. Ẹ̀yin á ní, "Ọmọ yìí lágbára, kì í rẹ̀ ẹ́." Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tó ti lè mọ̀ ni!

Ẹ tún wá fi fóònù rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohun tí ara fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, melatonin ni wọ́n ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ ń lé e sá, ojú ọmọdé sì ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju ti àgbà lọ. Àwọn oníná gan-an ń gbìyànjú láti bá yín ṣe é: wọ́n mú iná lọ kí ọmọ lè sùn, ẹ̀yin sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀.

Bàbá wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo ilé dákẹ́ kí ọmọ lè sùn. Champions League bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbá góòlù wọlé, igbe yín jí ọmọ tiyín, ó jí ti onílé, ó jí ìkókó tó wà ní òdìkejì òpópónà. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ tọ̀ọ́lé, ẹ gbé ohùn sókè: "Ọmọ ọdún méje! Ojú ò tì ẹ́?" Ẹ rọra o. Oorun ọmọdé wúwo, ọ̀pọ̀ atọ̀ọ́lé ni ìtọ̀ ò lè jí. Ọ̀pọ̀ ló ń dàgbà kúrò níbẹ̀, ẹgba ò sì ṣí ọ̀nà fún ẹnì kankan. Àwọn dókítà tún ní ó máa ń bá ìdílé lọ. Ṣé kí n wá béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà ẹni tí wọ́n ń sá ẹní rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sún mọ́ ọdún 12, mo bá yín bẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Tí ìbàlágà bá ń kanlẹ̀kùn, aago inú ara máa ń sún síwájú, oorun ò ní tètè kùn yín. Àmọ́ kì í ṣe aago inú ara ló ní kẹ́ ẹ fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí o.

Nítorí náà, láti alẹ́ òní lọ, tí aago méje ààbọ̀ bá ti lù, kí màmá pa tẹlifíṣọ̀n, kí fóònù wà lọ́wọ́ àgbà, kí bàbá lọ wo bọ́ọ̀lù ní ibi ìwòran. Tí bàbá bá ní àwọn ò lọ, ẹ pe ìyá àgbà lórí fóònù, ẹ fi sí sípíkà, kí wọ́n wá sọ ìtàn ẹní yẹn fún gbogbo ilé.