Ìlù Ló Ń Ṣàdúrà, Onílù Ń Ṣírò

Ẹ̀yin ọmọ Àyàn, lónìí ó kàn yín. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń fi ìlù bú wa, tí a sì ń sanwó èébú náà. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi gègé dá díẹ̀ padà fún yín, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ ẹlòmíràn á kàwé tán kó tó wáṣẹ́. Tiyín, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ti sọ ọ́ ní Àyàndélé ni wọ́n ti gbà á síṣẹ́, owó oṣù nìkan ni kò tíì bẹ̀rẹ̀. N'Ìbàdàn àtijọ́, ẹ kì í dúró kí wọ́n pè yín síbi ìnáwó. Èéfín tó bá ti inú agbo ilé jáde láàárọ̀ ti tó ìwé ìpè. Kí baálé tó ka iye àlejò rẹ̀ tán, ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń kí i kú ìnáwó, ẹ sì ń wo ibi tí àpò rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ l'Ọ́jà'ba láyé ṣílè àti kọ́bọ̀. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ láti Bẹẹrẹ wá, sísì kan ṣoṣo ló wà lápò rẹ̀, ìyàwó ní kó fi ra iyọ̀ àti ẹja bọ̀. Onílù kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n ó rí ilà ojú rẹ̀. Ó fọwọ́ òsì fún ọṣán, ó fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ lẹ́ẹ̀mejì, ṣaworo dáhùn. Ó ju oríkì kan sílẹ̀. Ojú ọkùnrin náà kò yí. Ó ju òmíràn. Ìpéǹpéjú gbéra díẹ̀. Ó parí! Onílù ti mọ agbo ilé tó ti wá. Kí ọkùnrin náà tó gbẹ́sẹ̀ kẹta, ó ti di ọmọ akọni tó ja Ogun Jálumi ní 1878, baba ńlá rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀kọ nìkan ló gbé lọ sójú ogun ti di ẹni tó dá ogun náà ṣẹ́. Àyà yọ, ọrùn nà, sísì ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí onílù. Ó di ọ̀la kí wọ́n tó jẹ iyọ̀ nílé.

Ẹ sì wo ẹni tó ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀. Ọmọ tó gbé gúdúgúdú kọ́rùn ti ń fi awọ líle méjì lu ohun kan náà láti àárọ̀, kò sinmi, òógùn bò ó. Ìyáàlù tó ń dúró, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ̀rọ̀, ni owó ń lẹ̀ mọ́ lórí. Bí wọ́n bá délé pín in, gúdúgúdú á gba kọ́bọ̀ méjì àti àdúrà.

Bí ọwọ́ rẹ bá wá le, tí o kò fún àwọn onílù ní nǹkan ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wọn pọ̀ sí. Ìlù kò ní ètè, ohùn nìkan ló ní. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá ti jọra lóhùn, dídún kan náà ni. Ó lè kì ọ́, ó lè bú ọ, àwọn ọmọdé tó ń tẹ̀ lé e nìkan ni wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Bí o bá bínú, á ní ọ̀gá, oríkì yín mà ni mo ń kì. Ta lo fẹ́ pè ní ẹlẹ́rìí? Ìjọba gan-an kò bọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà ní kí onílù fi ìyáàlù pe orúkọ àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ará Ìbàdàn tẹ́tí, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni àwọn gbọ́. Àwọn kan ní ìlù ń bèèrè ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá lọ. Àwọn mìíràn ní ó ń sọ fún asìngbèsè pé kò sí onígbèsè nílé yìí, kó yà sílé kejì. Onílù gbowó tirẹ̀, kò ṣàlàyé.

Ṣùgbọ́n oyè ni oko kòkó yín, ẹ má purọ́. Nílùú mìíràn, ọba á wàjà, wọ́n á fi òmíràn jẹ, ẹ ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó tán. N'Ìbàdàn, bí Ọ̀tún Olúbàdàn bá ṣípò padà, Ọ̀sì á di Ọ̀tún, Aṣípa á di Ọ̀sì, Ẹ̀kẹrin á di Aṣípa, Ẹ̀karùn-ún á di Ẹ̀kẹrin, wọn á máa sún bẹ́ẹ̀ títí dé orí Jagun nísàlẹ̀, ipò tó lé ní ogún. Òkú kan, ìwúyè ogún! Ẹ ó kọ́kọ́ sunkún nílé òkú, wọ́n á fún yín lówó. Ẹ ó nu ojú, ẹ ó kọjá sílé Ọ̀tún tuntun, wọ́n á fún yín. Ẹ ó máa bọ̀ nísàlẹ̀ láti ilé dé ilé. Ìlà Balógun sì wà lọ́tọ̀ o! Nígbà tí ẹ bá ń lù ú pé kí ẹ̀mí ìjòyè gùn, mo máa ń wo ojú yín. Ìlù ló ń ṣàdúrà, onílù ń ṣírò.

Ní 1936 tí wọ́n sọ Baálẹ̀ di Olúbàdàn, inú ta ló dùn jù? Lórí ìlù, Baálẹ̀ kò ju kọ̀ǹgọ́ mẹ́ta lọ, Olúbàdàn di mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ọ̀kan ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ!

Ti òṣèlú kò gùn. Láyé Adégòkè Adélabú, ẹni tó bá lu ìlù fún ẹgbẹ́ alákùkọ tirẹ̀ láàárọ̀, ẹ lè bá a lábẹ́ ọ̀pẹ ẹgbẹ́ kejì nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá bi í, á ní ìlù kò ní káàdì ẹgbẹ́.

Ní 1968 ni àwọn àgbẹ̀ dìde, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà, wọ́n ní àwọn kò ní san ju ọgbọ̀n ṣílè owó-orí lọ. Wọ́n ya wọ gbọ̀ngàn Màpó. Nígbà tó di 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀, ìjọba ológun sì dín owó náà kù. Àwọn ọkùnrin tí ìbọn kò dẹ́rù bà yìí, ẹ jẹ́ kí gángan kan ṣoṣo pe orúkọ bàbá wọn. Wọ́n á fọwọ́ ara wọn tú àpò, wọ́n á tún máa bèèrè ṣẹ́ńjì lọ́wọ́ ara wọn kí owó má tán lójú agbo. Kò sì sí ẹni tó bi onílù rí bóyá òun náà ń san owó-orí. Agbowó-orí tó bá gbójú gbóyà lọ ká a mọ́lé, ìyáàlù ló máa kí i káàbọ̀, òun ló sì máa fi owó sílẹ̀ kó tó lọ.