Pẹpẹ Inú Àtẹ́lẹwọ́

Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tí ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ètò ilé ni wọ́n ń tò, kí ọmọ lè mọ̀ pé bí òun bá ń fẹ́ ohun tí ó wà lórí pẹpẹ, àfi kí òun bẹ bàbá, kí bàbá náà sì mọ̀ pé bí ohun kan bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ akèrègbè, ọmọ ni yóò bá òun mú un jáde. Ohun tí kò wá sí ọkàn wọn ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àgbàlagbà yóò fi owó ara rẹ̀ ra pẹpẹ, tí yóò gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní tó o.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Steve Jobs ti Apple, a-fẹnu-tajà-kọ́jà-ó-tó-dé-ìsọ̀, kẹ́gàn tábúlẹ́ẹ̀tì oní-íǹṣì méje tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe. Ó ní ó kéré jù, àfi kí wọ́n máa fi sáńpépà kún un fún ẹni tó bá rà á, kí ó fi ha ìka rẹ̀ títí yóò fi ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Akèrègbè rèé, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ̀ ọ́. Jobs kú ní 2011. Nígbà tí ó fi di 2012, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé iPad mini jáde, íǹṣì 7.9, kò sì sí sáńpépà nínú páálí rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ń polówó iPhone 5, oní-íǹṣì mẹ́rin, pé ibi tí àtàǹpàkò dé ni ojú rẹ̀ dé. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni iPhone 6 Plus wọlé, àjànàkú inú àpò, íǹṣì 5.5, tí àtàǹpàkò kò dé orí rẹ̀ mọ́. Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Wọ́n kọ́ ọ pé bí olúwa rẹ̀ bá rọra fọwọ́ ba bọ́tìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fa ohun gbogbo tí ó wà lókè sọ̀kalẹ̀ dé àárín. Pẹpẹ ń kúnlẹ̀ fún ọwọ́!

Bọ́tìnì náà kò kúkú wà títí. iPhone X dé ní 2017 láìní in, Android 10 sì tẹ̀lé e ní 2019: fà á láti ìsàlẹ̀ kí o padà sílé, fà á láti etí kí o padà sẹ́yìn, fà á sókè kí o dá ọwọ́ dúró díẹ̀ kí o lè rí gbogbo ohun tí o ṣí sílẹ̀. Wọn kò kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ sí ojú fóònù. Awo ni, ẹni tí a kò fi mọ̀ kò lè mọ̀. Ẹ wo Bàbá Àgbà níbi ìkómọ, tí ó fẹ́ fi àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀ han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ó fi ìka fa àwòrán láti etí, fóònù rò pé ó ní kí àwọn padà sẹ́yìn ni, àwòrán pòórá, ó tún fà á, ó bá ara rẹ̀ nínú ìkéde ojú ọjọ́. Ọmọ ọdún méje kan gbé àwo jọ́lọ́ọ̀fù rẹ̀ sílẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti etí fà á, àárín ni kí ẹ ti fà á.” Ìka tí epo ṣì wà lára rẹ̀ ni ó fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Google tilẹ̀ ní kí a má fọwọ́ kàn án rárá. Wọ́n fi rédà kékeré kan sínú fóònù wọn, Pixel 4, ní 2019, kí ènìyàn lè máa ju ọwọ́ lókè rẹ̀ láti fi yí orin padà. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò rò pé eṣinṣin ni ó ń lé. Nígbà tí Pixel 5 dé ní 2020, rédà ti bá tirẹ̀ lọ.

Bí ọwọ́ bá tilẹ̀ tó pẹpẹ, iná rẹ̀ ńkọ́? Ní ti bátìrì, ẹ jẹ́ kí a fún tábúlẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: láti orí iPad àkọ́kọ́ ní 2010 ni Apple ti ń ṣèlérí wákàtí mẹ́wàá, nítorí inú rẹ̀ gba bátìrì ńlá. Fóònù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ tí wọ́n ń fẹ̀ lọ́dọọdún ni ó ń jẹ iná jù, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sì ti lágbára, ńṣe ni ó túbọ̀ ń fi agbára wá òpó kiri. Ooru inú ọkọ̀ Èkó ló ń bá a parí èyí tó kù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ńlá fi ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sí abíyá, tí ó ki fóònù ńlá sí àpò agbádá, tí ó wá fi fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, èyí tí a ti gba iná sí láti ọjọ́ Ajé, dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn pé òun ń bọ̀, kí ó jọ̀ọ́ bá òun wá páwà báǹkì.