Wọ́n Ń Wá Dókítà Tó Ń Ka Fọ́tò

Ẹ bá mi sún bẹ́ǹṣì yẹn síbí, kí iná má baà jó ìró mi. Ṣé ẹ rí ọsibítù ńlá ti yunifásítì tó wà lókè yẹn, èyí tí mi ò ní dárúkọ torí pé ẹnu géètì wọn ni mo ti ń dín àkàrà? Wọ́n ń wá rédíólọ́jíìstì. Oṣù kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń wá a. Ẹ má tíì bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Ìyá Lánre ló kọ́kọ́ gbọ́ nínú agbo ilé yìí. Ó gbọ́ "rédíò" níbẹ̀, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹ kúkú mọ Lánre tó ń ka ìròyìn aago méje, tí ohùn ẹ̀ ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tí owó oṣù ẹ̀ kì í dún rárá. Ìyá ẹ̀ ní iṣẹ́ yunifásítì ti dé. Ó yọ kóòtù ọkọ ẹ̀ tó ti dolóògbé jáde nínú àpótí, tòun ti òórùn káńfọ́ọ̀, ọmọ wọ̀ ọ́, ó kó ìwé ẹ̀rí dání, ó di ọ̀nà ọsibítù. Akọ̀wé ní, "Dókítà, ṣé ẹ ti yege ìdánwò àṣekẹ́yìn?" Lánre ní òun kì í ṣe dókítà, ìròyìn lòun ń kà. Akọ̀wé ní, "Fọ́tò làwa ń kà níbí, sà." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ò fi bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ewúrẹ́ obìnrin yìí jẹ ewé mọ́ínmọ́ín mi, kò tíì sanwó ẹ̀ títí dòní. Ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Ẹ má fi Ìyá Lánre rẹ́rìn-ín jù. Èmi náà rò pé ẹni tó ń sọ fún èèyàn pé "mú èémí dání, ó yá, mí" ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ń ya fọ́tò nìyẹn, radiographer lorúkọ ẹ̀. Rédíólọ́jíìstì ní tiẹ̀ á jókòó sínú yàrá tó ṣókùnkùn, á tẹjú mọ́ fọ́tò náà, ibi tó dúdú, ibi tó funfun, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti àlejò tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ohun tó bá rí ló máa kọ síwèé fún dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn.

Àbúrò ọkọ mi tó ń kọ́ni ní físíìsì sọ fún mi pé ọkùnrin Jámánì kan, Röntgen, ló ṣàwárí X-ray lọ́dún 1895. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ ló gbé sábẹ́ ẹ̀ tó fi ya fọ́tò. Egungun ìka hàn ketekete, òrùka sì wà lára ẹ̀! Lọ́dún 1901, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì. Ta ló fún ìyàwó ní nǹkan? Tó bá jẹ́ èmi ni ọkọ mi fi egungun mi hàn báyẹn, ilé bàbá mi ni mo máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká padà. Kí lẹ rò pé ó ń jẹ́ kó ṣòroó rí? Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì kéèyàn tó di dókítà. Ọdún kan ní ọsibítù lábẹ́ àwọn ọ̀gá, ọdún kan gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó wá fi ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kọ́ fọ́tò kíkà. Ìdánwò lórí ìdánwò. Àwọn kan ń ṣe ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Ìjànìkin, àwọn mìíràn ń ṣe ti West African College of Surgeons ní Yábàá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́ abẹ o, bẹ́ẹ̀ àwọn yìí kì í la ikùn ẹnikẹ́ni!

Iṣẹ́ tí wọ́n wá ń fi lọ̀ wọ́n, ìyàwó ọlọ́kọ méjì ni. Yunifásítì á pè é ní lẹ́kíṣọ̀, kó máa kọ́ ọmọ, kó máa tẹ ìwádìí jáde, tí ò bá tẹ̀ ẹ́, ojú kan náà ló máa dàgbà sí. Ọsibítù á pè é ní kọnsọ́táǹtì, kó wá tọ́jú aláìsàn, kódà lóru. Tí kò bá sì sí irú wọn tó, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ò ní rí olùkọ́, torí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń wá ka orí àwọn ọ̀gá. Bí orí ò bá pé, wọ́n lè gba àṣẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ íntáfíù, Múfú, dẹ́rẹ́bà ọsibítù, ló ń gbé omi wọlé fún wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀. Èèyàn mẹ́ta ló wá. Ẹni àkọ́kọ́ fara hàn lórí kọ̀ǹpútà láti Saudi. Wọ́n dárúkọ owó oṣù fún un, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Múfú ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò já rárá. Ẹnì kejì ní ibi tó ti ń ya fọ́tò tiẹ̀ l'Ékòó, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló fẹ́ máa yọjú.

Ẹnì kẹta wá jẹ́ ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn gan-an. Wọ́n ní ìwádìí mélòó ló ti tẹ̀ jáde, ó kà á fún wọn. Ó ní òun náà ní ìbéèrè kan: "Ẹ̀rọ CT yín, ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn?" Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ọ̀gá ọsibítù, ọ̀gá ọsibítù gbójú sókè wo fáànù, fáànù náà ò yí. Ọmọbìnrin yìí ní íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọsibítù ìlú mìíràn fi ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí òun, inú ilé lòun ti ń kà á, ebi ò pa òun. "Ṣùgbọ́n tí mo bá nìkan rí nǹkan, ta ni yóò sọ fún mi pé kò sí níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Èmi náà ńkọ́? Gbogbo ohun tí mò ń rí láti ìdí àkàrà yìí, tí mi ò bá rí yín bá jiyàn lé e lórí, ṣé ó máa dùn?

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi lẹ́tà iṣẹ́ rán Múfú sí ọmọbìnrin náà, ebi ń pa Múfú, ó dúró ra àkàrà, ó sì gbé àpò ìwé náà lé orí àtẹ mi. Epo ta sí i lára. Mo ní kí n nù ún ni, mo bá gbé e sókè sí gílóòbù. Ẹ mọ̀ pé tí epo bá wọ bébà, inú ẹ̀ máa ń hàn. Mo rí "ọjọ́ mẹ́rìnlá" tó fi gbọ́dọ̀ fèsì. Ibi tí iye owó wà, epo ò dé ibẹ̀. Mo fẹ́ ta díẹ̀ sí i ni Múfú já a gbà lọ́wọ́ mi.

Òní ló pé ọjọ́ kejìlá. Láàárọ̀ yìí, ọmọbìnrin náà gba iwájú mi kọjá, Múfú ní kò dé ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni, ìdí ẹ̀rọ CT yẹn ló lọ tààrà. Nígbà tó ń jáde, ó ra àkàrà ẹgbẹ̀rún náírà kan. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé pé òun ò ṣe, ṣé á máa ra àkàrà tó tó yẹn?