Ọ̀gá Òkè-Fìà Kò Tíì Gbọ́

Ẹ̀yin ará Òkè-Fìà n'Óṣogbo, ẹ kú ìgbéraga o. Torí pé ilé gómìnà wà ládùúgbò yín, ẹ rò pé ọpọlọ tó wà lókè orí yín náà ni gómìnà ara. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná láàárọ̀, ta ló fa ọwọ́ yín kúrò? Ọpọlọ kọ́! Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí ẹjọ́ náà sí sẹkitéríàtì l'Ábẹ́rẹ́ kí fáìlì tó dé Òkè-Fìà. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́, ló bá figbe ta, "Yé!", bí ẹni pé òun ló pàṣẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ọ̀hún jẹun o! Kò tó kílò kan ààbọ̀, òun nìkan ló ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná. Nǹkan kì í sì í dùn ún. Láti 1962 tí Látúndé Ọdẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ n'Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni ò tíì rí ọpọlọ tó ní, "Dókítà, ẹ rọra."

Àwọn aránṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì níúrọ́ọ̀nù, tó bílíọ̀nù 86. Olófòófó paraku ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka jáganjàgan tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ó tún ní ìrù kan tó fi ń rò ó fẹ́lòmíì. Àmọ́ orogún tó ń bára yan odì ni ọ̀pọ̀ wọn: wọn kì í fara kanra, àwo kẹ́míkà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ kọjá àgbàlá. Àwọn alágbàṣe tó ń bọ́ wọn, tó ń gbálẹ̀ fún wọn, tó ń fi ọ̀rá wé wọn nírù bí ìgbà tí wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ, àwọn náà ò kéré níye. Gíláyà ni wọ́n sọ wọ́n, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gíríìkì ni "gúlúù". Ẹ̀yin mẹ̀sẹ́ńjà ọ́fíìsì, mo rí yín tí ẹ ń mi kanlẹ̀.

Ẹ wá lọ gbá ìka ẹsẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn lóru. Ìròyìn pé ẹ gbá nǹkan gun ọ̀kadà ọlọ́ràá, ó lè ju mítà 50 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ti mọ̀, kò tíì dùn yín, ẹ kàn fi eyín di ètè, ẹ ń retí àlejò. Ìrora tó ń ta kíún kíún yẹn kò lọ́ràá nírù, mítà kan sí méjì péré ló ń rìn. Ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀ láti Iléṣà. Ìjẹ̀ṣà ni sẹ́, òṣómàáló ògidì! Bó ṣe dé, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà: kò ní dìde títí tó fi máa gbowó rẹ̀ pé.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà tí inú ń bí, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn yín sí Abẹ́rẹ́. Òkè-Fìà kò tíì gbọ́.